Gèlè nìkan ni mo fẹ́ kùn: ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀ pẹ́ńsù lórí àwòrán òǹtẹ̀

Àdùnní_Oníkáàdì (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ ọwọ́. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo yín.

Iṣẹ́ kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ tó fẹ́ dojú rú mọ́ mi lórí. Màmá kan ń ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wọn ní kí n bá àwọn ṣe káàdì ìdúpẹ́ 40, gbogbo rẹ̀ ní àfọwọ́ṣe. Àwòrán tí a fẹnu kò lé lórí ni ti obìnrin onígèlè tó wọ iyùn, tí òdòdó yí i ká. Mo ní òǹtẹ̀ rẹ̀, rọ́bà ni, mo lù ú sórí ìwé líle funfun, ó mọ́ kedere. Ni mo bá kó pẹ́ńsù aláwọ̀ mi jáde. Mo kun ojú, mo kun gèlè, mo kun bùbá, mo kun iyùn, mo kun òdòdó tòun ti ewé. Ìṣẹ́jú 55 ni mo lò lórí ẹyọ kan. Ìgbà tí mo gbé e sókè wò, ńṣe ló dà bí ẹni tó wọ gbogbo aṣọ inú àpótí rẹ̀ lọ òde kan ṣoṣo. Ojú ò mọ ibi tó máa bà sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kun ibì kan péré, kí n fi ìyókù sílẹ̀ ní dúdú àti funfun bí òǹtẹ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, torí elésè àlùkò ni aṣọ ẹbí wọn, mo sì rò ó pé tí gèlè nìkan bá ní àwọ̀, ẹni tó bá wá sí òde náà á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà pẹ́ńsù ń hàn kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ̀ gbá. Mo rí i nínú fọ́nrán kan pé wọ́n ń fi òróró rá a kí àwọ̀ lè wọnú ara wọn. Mo fi baby oil tọ́ ọ, ni tàdáwà dúdú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọnú gèlè. Gèlè elésè àlùkò di gèlè eléèédú. Ẹ̀yìn ìwé náà wá ní àbàwọ́n bíi ti ìwé tí wọ́n fi wé àkàrà.

Ẹ gbà mí o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.

Ìyá_Ìbejì (Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta)

Pẹ̀lẹ́, Àdùnní. Tàdáwà wo lo lò?

Àdùnní_Oníkáàdì

Àǹtí, èyí tí wọ́n ń rọ sórí páàdì ní ọ́fíìsì ni. Òun ló wà nílé.

Ìyá_Ìbejì

Ẹjọ́ tán. Tàdáwà ọ́fíìsì kì í tètè gbẹ. Gílísíìnì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn kí páàdì má bàa gbẹ lórí tábìlì ọ̀gá. Lórí ìwé lẹ́tà lásán, ìwé á fà á mu, o ò ní mọ nǹkan kan. Lórí ìwé líle tó dán, orí rẹ̀ ló jókòó sí. O wá gbé òróró lé e, o tún fọwọ́ rá a. Kí lo fẹ́ kó ṣe?

Èmi, Memento dúdú ni mo ń lò. Omi ni wọ́n fi pò ó, òróró kì í sì í tú u tó bá ti gbẹ. Ṣùgbọ́n má torí orúkọ ra nǹkan. Lu òǹtẹ̀ sórí àjákù ìwé tó o máa lò gan-an, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó o wá fi òwú tó ní òróró díẹ̀ rá a lọ, rá a bọ̀. Tí òwú bá ṣì funfun, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi “omi ò lè ṣí i” tàn ọ́ jẹ lọ́jà. Ohun tí omi ò rí gbé ṣe, epo lè ṣe é.

Ti àbàwọ́n ẹ̀yìn ìwé, ìwọ lo da òróró jù. Baby oil kì í fẹ́ lọ. Epo tí wọ́n yọ lára epo rọ̀bì, tí wọ́n wá fi lọ́fínńdà díẹ̀ sí ni. Ibi tó bá dé nínú ìwé, ibẹ̀ ló ń gbé títí láé. Ẹ̀kán kan ṣoṣo sórí tíṣù tí o ṣẹ́ po, kó o fi orí igi ìfọtí kan tíṣù yẹn, kì í ṣe kó o kì í bọnú ìgò. Tó o bá wo òwú náà tó ń dán, ó ti pọ̀ jù nìyẹn.

Onígègé

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ jọ̀ọ́, kẹrosíìnì ńkọ́? Epo lòun náà, ó sì ń gbẹ. Lítà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa báyìí.

Àlàmú_Peckham (London)

Àbúrò mi, wọ́n á ṣí àpò-ìwé tán, wọ́n á máa wá ibi tí sítóòfù ti ń jò.

Mo ti dán an wò rí, nígbà tí mo ṣì wà ní Ìbàdàn. Ó ń po àwọ̀ o, n ò parọ́. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ wà lára ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé funfun náà sì pọ́n díẹ̀. Òróró ìsebẹ̀ ló wá burú jù, torí ó máa ń kan, á sì pọ́n ìwé rúsúrúsú. Ohun tí àwọn ará ibí ń lò ni mineral spirit tí wọ́n ti yọ òórùn rẹ̀, irú Gamsol tí àwọn ayàwòrán fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà olóròóró. Ó sàn ju baby oil lọ torí pé ó ń fẹ́ lọ: ó yọ́ ìda inú pẹ́ńsù, àwọ̀ wọnú ara wọn, ó sì bá atẹ́gùn lọ. Kò ní fi òrùka sílẹ̀ tó o bá ṣe é ní ìwọ̀n. White spirit tí àwọn ọlọ́dà ń tà náà lè ṣe é, òórùn rẹ̀ ló le. Ṣí fèrèsé, dé ìgò rẹ, má sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iná. Tó o bá ń lo ẹ̀rọ ìgbóná tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, má fẹ́ ẹ sí ìwé tó ṣì tutù. Iná ń gbà á o.

Tíṣà_Àwòrán (Òṣogbo)

Mo kí yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Òróró ni gbogbo yín ń sọ, ẹ ò béèrè irú pẹ́ńsù tó wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Àdùnní, irú wo ni?

Àdùnní_Oníkáàdì

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Méjì ló wà. Èyí tí ọmọ mi ń lò nílé ìwé, àti páálí ẹlẹ́yọ méjìlá kan tí wọ́n kọ Prismacolor sí. Ti ọmọ mi ni mo lò, torí pé ó pọ̀.

Tíṣà_Àwòrán

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Pẹ́ńsù ilé ìwé, amọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀, àwọ̀ kéré. Bó o fi gbogbo epo ìlú rá a, kò ní yọ́ dáadáa, torí ohun tó máa yọ́ níbẹ̀ ò tó nǹkan. Gbé e padà fún ọmọ rẹ. Pẹ́ńsù tó dáa oríṣi méjì ni. Ọ̀kan, ìda ló so àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, bíi Prismacolor tó o ní yẹn, ó rọ̀ bí òrí, ó sì ń tètè bo ìwé. Èkejì, epo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi Polychromos tí Faber-Castell ti ń ṣe ní Jámánì láti 1908. Ìyẹn le díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì máa ń mú pẹ́, ó dáa fún ibi tóóró. Méjèèjì ni spirit ń yọ́. Oníìda ní àléébù kan: tó o bá tẹ̀ ẹ́ nípọn, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nǹkan funfun bí èéfín á hù lójú rẹ̀, pàápàá lórí àwọ̀ tó dúdú. Má bẹ̀rù, ìda ló ń yọ síta. Fi aṣọ rírọ̀ nù ún jẹ́jẹ́.

Wàyí o, gèlè. Wá sún mọ́ ibí.

Gèlè kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́po ni, ọ̀kan ń sá sábẹ́ èkejì. Ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ní orí tí ìmọ́lẹ̀ ń bà àti kòtò tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Kó o tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù, pinnu ibi tí oòrùn ti ń wá, kó o sì fi àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kó o má bàa gbàgbé. Mú pẹ́ńsù mẹ́ta. Àkọ́kọ́, elésè àlùkò tó fúyẹ́. Fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kùn ún, má fi ṣóńṣó rẹ̀ kùn ún, jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa yí róbótó-róbótó, kó má lọ síwá sẹ́yìn bí ayùn; síwá sẹ́yìn yẹn ló fún ọ ní ilẹ̀ ọlọ́wọ̀. Bo gbogbo ìṣẹ́po náà, àyàfi orí rẹ̀ tó ga jù. Ibẹ̀, ìwé funfun ni kó wà. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tó o máa fi pẹ́ńsù funfun wá níkẹyìn, ohun tó o máa fi sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Èkejì, elésè àlùkò gan-an. Bẹ̀rẹ̀ láti inú kòtò, máa fà á bọ̀ wá sí òkè, kí ọwọ́ rẹ máa fúyẹ́ bó o ṣe ń bọ̀, títí tó fi máa dà bí ẹni pé pẹ́ńsù ò kan ìwé mọ́. Ẹ̀kẹta, àwọ̀ aró tó dúdú, inú kòtò nìkan, bí okùn tóóró. Má lo dúdú. Dúdú á pa àwọ̀ náà, aró ò ní pa á.

Tí ọwọ́ rẹ bá fúyẹ́ tó nínú gbogbo èyí, o lè má nílò òróró rárá. Ọmọ ilé ìwé tí mo kọ́ fún ọdún pípẹ́ kò rí spirit sójú rí, wọ́n sì ń po àwọ̀.

Àlàmú_Peckham

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, ṣùgbọ́n káàdì 40 nìyẹn. Èèyàn tó bá fi ọwọ́ fúyẹ́ kun ìpele márùn-ún lórí 40, ọdún Kérésì ló máa parí ẹ̀. Ìpele mẹ́ta, kí spirit ṣe ìyókù.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un: ìwé tí wọ́n lọ́ ṣóńṣó bíi sìgá ni kó o fi rá a, ó sàn ju igi ìfọtí lọ níbi tóóró. O lè lọ́ ọ fúnra rẹ. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, kó o máa lọ sí ibi tó dúdú. Tó o bá ti inú kòtò gbé e wá sórí ìmọ́lẹ̀, ó ti bàjẹ́. Tí ẹnu ìwé náà bá dọ̀tí, rá a mọ́ orí àjákù ìwé títí tó fi máa mọ́. Jẹ́ kó gbẹ, kó o wá tún fi aró tẹ inú kòtò lẹ́ẹ̀kan sí i, torí spirit máa ń mú kí òjìji rẹ̀wẹ̀sì.

Tíṣà_Àwòrán

Mo gbà fún ọ nípa 40.

Ọmọ_Ìtòkú (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo yín ti sọ bí wọ́n ṣe ń kùn, ó ku ibi tí kò yẹ kí wọ́n kùn.

Ilé aláró ni wọ́n bí mi sí. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyá mi á se láfún di ẹ̀kọ, á fi álọ́ọ̀mù sí i, á wá fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní dé ibẹ̀. Bó bá di pé wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, funfun náà ni àwòrán. Ẹ rí i pé gbogbo làálàá ìyá mi, ibi tí aró ò ní kàn ló ń ṣe é lé lórí. Àwọn ọkùnrin tó ń gbẹ́ páànù fún ẹ̀kọ náà, bákan náà ni. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òǹtẹ̀ rọ́bà, n kò kọ́ nǹkan tuntun kan, ọ̀bẹ ló yàtọ̀.

Nítorí náà, Àdùnní, bi ara rẹ pé ta ni àwòrán yìí ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Màmá ni. Kí ló máa jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé Màmá ni? Gèlè. Ó tán. Òdòdó, bùbá, ojú, gbogbo ìyẹn, ìlà dúdú ti tó wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gèlè nìkan lóòótọ́, á dà bí ẹni tí wọ́n gé lórí gbé sókè. Mú ewé òdòdó kan ṣoṣo nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òdìkejì, kun òun náà ní elésè àlùkò kan náà tó fúyẹ́. Ojú á ti orí gèlè sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀, á tún padà. Kó o wá fi pẹ́ńsù àwọ̀ eérú fa òjìji díẹ̀ sábẹ́ èjìká, kí Màmá má bàa máa léfòó.

Ìyá_Ìbejì

Mo fara mọ́ ewé òdòdó. N kò fara mọ́ pé kí iyùn wà láìní àwọ̀. Iyùn! Àádọ́rin ọdún, kí wọ́n wọ iyùn funfun? Iyùn funfun kì í ṣe iyùn.

Ọmọ_Ìtòkú

Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Pupa iyùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ elésè àlùkò, ìjà ni. Àwọ̀ méjì tó le lórí káàdì kékeré, a ti padà sí àpótí aṣọ tí Àdùnní sọ níbẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ìjà kọ́, ijó ni. Ìlẹ̀kẹ̀ mélòó kan ni mo sọ, mi ò sọ pé kó kun agbádá.

Onígègé

Ẹ jẹ́ kí n bu epo síná 😀 Kí ló dé tí Àǹtí Àdùnní ò lu ẹyọ kan ṣoṣo tó mọ́ dáadáa, kí wọ́n lọ fọ́tókópì rẹ̀ lọ́nà 40 sórí ìwé líle? Wọ́n á wá fi ọwọ́ kun gèlè. Tàdáwà ò ní ṣàn mọ́, ọwọ́ ò ní ro èèyàn.

Ìyá_Ìbejì

Àfọwọ́ṣe ni wọ́n sanwó fún.

Tíṣà_Àwòrán

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kì í ṣe ti ọ̀lẹ o. Tàdáwà ẹ̀rọ fọ́tókópì, ìyẹ̀fun ike ni, iná inú ẹ̀rọ ló ń yọ́ ọ mọ́ ìwé. Òróró kì í ṣí i. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tú tàdáwà olómi ni, ẹ kọ́kọ́ dán ìyẹn wò.

Àlàmú_Peckham

Tó bá kan ìtàn, Onígègé ní baba ìsàlẹ̀. Káàdì Kérésì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ fún títà, ní London níbí ni, 1843. Henry Cole ló ní kí wọ́n ṣe é, ẹni tó wá di ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a mọ̀ sí V&A lónìí, John Callcott Horsley ló ya á. Wọ́n tẹ ìlà rẹ̀ lẹ́rọ, bí 1,000 ẹ̀dà, wọ́n sì fi ọwọ́ kun àwọ̀ sí i, ṣílè kan lẹ́yọ. Ẹ̀rọ fa ìlà, ọwọ́ fi àwọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó ní kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Ṣùgbọ́n Àdùnní ni kó pinnu. Òun ló bá àwọn ọmọ Màmá sọ̀rọ̀.

Àdùnní_Oníkáàdì

Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní òǹtẹ̀ ni àwọn fẹ́, pé àwọn fẹ́ fọwọ́ tọ́ ọ kí àwọn mọ̀ ọ́n lára. Ó dáa, òǹtẹ̀ náà ni.

Ẹ gbọ́ ibi tí mo dé. Mo ra tàdáwà tí Ìyá Ìbejì dárúkọ, mo dán an wò di ọjọ́ kejì, òwú funfun báláú. Mo rí white spirit lọ́dọ̀ ọlọ́dà kan ní Dùgbẹ̀, òórùn rẹ̀ fẹ́ gbé mi lọ́jọ́ kìíní, mo wá gbé tábìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ róbótó-róbótó tí Bàbá sọ, ọjọ́ méjì ni mo fi kọ́ ọ lórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Ìlà ọwọ̀ ti lọ.

Wàhálà tuntun: alẹ́ ni mo kun mẹ́rin àkọ́kọ́, lábẹ́ gílóòbù. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé ègé aṣọ ẹbí tí wọ́n fún mi lé e, wọn ò jọra rárá. Aṣọ náà ń fà sí pupa, gèlè mi ń fà sí aró. Lálẹ́, ìbejì ni wọ́n!

Ọmọ_Ìtòkú

Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Gbogbo àwọ̀ ló ń purọ́ lábẹ́ gílóòbù, elésè àlùkò ló sì máa ń purọ́ jù. Ojúmọmọ ni kó o ti mú pẹ́ńsù, lẹ́bàá fèrèsé, kì í ṣe nínú oòrùn gangan. Tó o bá ti mọ pẹ́ńsù mẹ́ta tó bá aṣọ mu, kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, o lè wá máa kùn ún lálẹ́ bó ṣe wù ọ́. Fún èyí tó ti fà sí aró, fi píǹkì tó dúdú díẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́, á padà wá sí pupa.

Má tún tò wọ́n sójú oòrùn o. Ọ̀pọ̀ píǹkì àti elésè àlùkò inú pẹ́ńsù ló máa ń ṣí nínú oòrùn kí àwọ̀ mìíràn tó ronú nípa rẹ̀.

Àlàmú_Peckham

Àti pé, ṣé orí káàdì gan-an lo ń lu òǹtẹ̀ sí? Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ge ìwé àwòrán lọ́tọ̀, 95 × 138 mílímítà, mẹ́rin á jáde nínú A4 kan. Ìwé mẹ́wàá, o ti ní 40. Kó o ṣẹ́ káàdì fúnra rẹ̀ láti inú A5 sí méjì, ó di 105 × 148, á wọ àpò-ìwé C6 láìfún. Lẹ àwòrán mọ́ ọn níkẹyìn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìwé kékeré ló bàjẹ́. Bí òróró bá sì là á kọjá, kò ní dé ibi tí wọ́n máa kọ̀wé sí.

Àdùnní_Oníkáàdì

Ẹ̀gbọ́n, orí káàdì gan-an ni. Mo ti ba mẹ́fà jẹ́. Ká ní mo tètè béèrè ni.

Onígègé

Àǹtí, ẹ fi mẹ́fà yẹn ránṣẹ́ sí mi, èmi á kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i.

Àdùnní_Oníkáàdì

Mo padà dé o, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Mo ṣe àpẹẹrẹ mẹ́ta gbé fún wọn: gèlè nìkan, gèlè pẹ̀lú ewé òdòdó kan, gèlè, ewé òdòdó àti iyùn. Ìyá Ìbejì, Ọmọ Ìtòkú, ẹ má jà. Èyí ọmọkùnrin mú ti iyùn, àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú ti ewé òdòdó. Wọ́n dìbò níwájú mi, obìnrin wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí káàdì Màmá fúnra wọn ní iyùn. 39 láìsí iyùn, ẹyọ kan pẹ̀lú iyùn.

Ti iyùn yẹn, mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é torí inú mi dùn sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ 14 ló wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tó tóbi jù ò tó orí ìṣáná. Mo fi bíléèdì gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù di abẹ́rẹ́. Omi ọsàn ni mo kọ́kọ́ fi sí i, mo yọ tóótó funfun kan sílẹ̀ lápá òsì òkè, níbi tí ìmọ́lẹ̀ gèlè náà ti ń wá. Pupa yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká bí oṣù tuntun, àwọ̀ osùn wá tẹ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ti kan èkejì. Mi ò fi spirit sí i rárá, ó kéré jù, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan. Ẹnu pẹ́ńsù náà ni mo fi rá a. Wákàtí kan gbáko lórí ọrùn èèyàn kan!

Àwọn 39 yòókù, ìṣẹ́jú 12 péré ni mo ń lò lórí gèlè kọ̀ọ̀kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: tó bá jẹ́ pé gbogbo àwòrán ni mo kùn, wákàtí 36 ó lé ni 40. Báyìí, 39 yìí kò tó mẹ́jọ.

Ìyá_Ìbejì

Káàdì tó ṣe pàtàkì jù ní iyùn. Ta ló wọlé ìbò?

Ọmọ_Ìtòkú

39 sí 1, ẹ̀gbọ́n mi.

Tíṣà_Àwòrán

Èéfín funfun ńkọ́, ṣé ó hù?

Àdùnní_Oníkáàdì

Ó hù lórí mẹ́ta, Bàbá, inú kòtò níbi tí mo ti tẹ aró nípọn. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ àtijọ́ nù ún bí ẹ ṣe wí, ó lọ. Ìyókù, mo dín aró kù.

Òde ti kọjá láti àná. Mo wà níbẹ̀, wọ́n fún mi lóúnjẹ. Nígbà tí wọ́n gbé káàdì tiwọn fún Màmá, wọ́n wò ó, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n ní, “Ṣé pẹ́ńsù tán lọ́wọ́ rẹ ni?” Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn gba káàdì náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè tí wọ́n wé sórí. Wọ́n ní kí wọ́n gbé dígí wá. Wọ́n wò ó nínú dígí pẹ́ títí, káàdì lápá ọ̀tún, orí lápá òsì. Wọ́n ò sọ nǹkan kan mọ́, àpamọ́wọ́ wọn ni wọ́n kì í bọ̀, wọ́n ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbà á wò mọ́ títí òde fi tú.

Ọ̀kan lára àwọn àlejò ti gba nọ́ńbà mi. Ìkómọ ni tiwọn, oṣù tó ń bọ̀, káàdì 25. Ọmọ Ìtòkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀: ìyá tó pọn ọmọ. Ọ̀já nìkan ni mo fẹ́ kùn.

Ọmọ_Ìtòkú

Ó ti ṣe. Sọ fún mi bí ó ṣe máa ga tó. Tó bá wọnú 95 × 138 yẹn, mílímítà 80 ni màá gbẹ́ ẹ. Kí ọ̀já náà fẹ̀ díẹ̀ o, kó o lè ráyè fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Kó kun bàtà ọmọ pẹ̀lú.

Ọmọ_Ìtòkú

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, bàtà wo?